Ibi Tí Wọ́n Sin Ehoro Sí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọmọ mi kú ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́fà, òun nìkan ni mo sì bí. Èéyi ló pa á. Mo tètè sọ ọ́ báyìí kí ẹni tó ń kà á má baà máa retí rẹ̀ láti ojú ìwé dé ojú ìwé, nítorí èmi fúnra mi kò fẹ́ràn ẹni tó ń fọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ fún mi lọ́dún náà ti pọ̀ jù.

Ó tó nǹkan bí ọdún 1985. Festac ṣì lẹ́wà díẹ̀ nígbà náà. Àwọn ilé tó jọra wọn tò lọ bẹẹrẹ, òdòdó wà níwájú àwọn kan, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọkọ mi, Ìkòyí ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ Praimárì Kẹrin ní ilé ìwé kan tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé wa. Títí di ìgbà náà, orúkọ ọmọ mi ni gbogbo àdúgbò fi ń pè mí, ìyá lágbájá. Lẹ́yìn tó kú, wọn ò mọ ohun tí wọn ó máa pè mí mọ́. Àwọn kan á kàn wúkọ́ kí n lè bojú wẹ̀yìn.

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí ọmọ bá kú tí ìyá àti bàbá rẹ̀ wà láyé. Wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìyá kì í tẹ̀lé wọn, wọn kì í sọ fún un lẹ́yìn náà, kò sì gbọ́dọ̀ béèrè. Onígbàgbọ́ ni wá, a ní pásítọ̀, a ní ìwé àdúrà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà àṣà ló ṣáájú, ìwé àdúrà wà lórí àga. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń gbé ní ẹ́sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá láàárọ̀. Òun, ọkọ mi àti ọkùnrin méjì láti inú ẹbí wọn ni wọ́n gbé e lọ. Àwọn obìnrin dì mí mú ní yàrá. Nígbà tí wọ́n fi máa dá mi sílẹ̀, wọ́n ti kó aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ tó wà lára ògiri, títí dé búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń fọ eyín. Ilé wá mọ́ tónítóní, bí ilé tí wọ́n fẹ́ fi hàn ẹni tó fẹ́ rẹ́ǹtì.

Mi ò sunkún. Mi ò fi yangàn, mi ò sì tọrọ àforíjì. Omijé kò wá ni. Ara mi dà bí apá téèyàn sùn lé lórí, tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, o mọ̀ pé ọwọ́ wà níbẹ̀, o ò kàn ní mọ̀ pé tìẹ ni. Àwọn èèyàn wá kí wa. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo wò wọ́n. Èmi ni agbè tí wọ́n ń sọ, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá agbè náà sán. Obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n máa dúpẹ́, pé ọmọ kú yá ju ọmọ nù. Mo dá a lóhùn pé tèmi kú, ó sì tún nù. Kò mu mọ́ọ̀tì tó wà nínú ife rẹ̀ tán kó tó dìde.

Nítorí ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Mo fẹ́ mọ ibi tó wà. Mi ò ní lọ hú u, mi ò ní lọ sùn síbẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, nítorí ilẹ̀ àbàtà ni gbogbo apá ibí wa, tí òjò bá rọ̀, omi á dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá igi kan wà nítòsí. Tí mo bá ti mọ ìyẹn, ó dá mi lójú pé màá lè sùn.

Ọkọ mi mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Ó bá wọn lọ, mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ọkọ̀ nígbà tó wọlé sínú rẹ̀, ó sì dé lọ́sàn-án pẹ̀lú bàtà tó kún fún eruku. Ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní báákónì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Ibo ni?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ló ṣètò rẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ wọ̀ lọ́la, bẹ́ẹ̀ ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà lánàá. Láti ọjọ́ yẹn mi ò bá a sọ ju ohun tó pọn dandan lọ. Mo ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì, mo ń fọ abọ́. Mo kórìíra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìpariwo, bí èèyàn ṣe ń tọ́jú nǹkan tó máa lò lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀gá ilé ìwé wa, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo padà. Ó ní, "Ẹ máa rọra o. Iṣẹ́ ló ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé." Mo ní, "Ẹ ṣé, ma." Mi ò fẹ́ gbàgbé, ṣùgbọ́n mi ò lágbára àríyànjiyàn.

Ẹ̀kọ́ tó kàn nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ni ẹranko àti ibùgbé wọn. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹnu ni mo fi kọ́ wọn. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n dà á kọ, a kà á títí ó fi há sórí. Lọ́dún yìí mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu mi wúwo bí ẹnu ẹni tí dókítà eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́. Mo wá ronú iṣẹ́ tí àwọn ọmọ á máa fọwọ́ wọn ṣe, tí èmi á kàn jókòó. Bí mo ṣe sọ fún wọn nìyẹn pé a máa kọ́ ọgbà ẹranko sí ẹ̀yìn kíláàsì. Tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ òde òní, wọ́n máa ń yìn mí pé ọgbọ́n ńlá ni. Kì í ṣe ọgbọ́n. Ó rẹ̀ mí ni.

Mo kọ ìbéèrè mẹ́ta sí igun pátákó, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́. Kí ló ń jẹ? Ibo ló ń sùn? Ta ló ń bá a gbé? Òfin wa ni pé ẹranko kankan ò ní wọ ọgbà wa àyàfi tí ẹni tó mú un wá bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ béèrè nílé, kó lọ wo inú ìwé, ṣùgbọ́n kó má wá purọ́ fún mi.

Ọmọ méjìlélógójì ni wọ́n, ọmọ ọdún mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án. Wọ́n kó páálí wàrà àti páálí ọṣẹ wá láti ilé. Wọ́n lọ gba lẹ́búlẹ́bú igi lọ́dọ̀ káfíńtà. Iyanrìn kò wọ́n wa, orí iyanrìn ni wọ́n kọ́ Festac lé. Dígí tó fọ́ di adágún omi, mo sì fi pílásítà lẹ etí rẹ̀ kó má baà gé wọn lọ́wọ́. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ àwọn ẹranko. Ọmọkùnrin kan gbé kìnìún wá. Mo bi í pé kí ló ń jẹ, ó ní ìrẹsì àti ẹran. Mo ní ta ló ń se ìrẹsì fún un. Ó ronú, ó ní ìyàwó rẹ̀ ni. Mo dá kìnìún náà padà. Ọmọ mìíràn kọ́lé fún ọ̀bọ: yàrá mẹ́ta, pálọ̀, balùwẹ̀, àti yàrá ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ilé tiwọn. Mo ní ọ̀bọ kì í gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, tó bá fẹ́ ńkọ́?" Wọ́n ṣèpàdé lé e lórí, ìpàdé náà sì le ju ti àwọn onílé àdúgbò wa lọ. Wọ́n fẹnu kò sí i pé kí wọ́n yọ òrùlé kúrò, kí wọ́n gbin igi sí pálọ̀. Nígbà mìíràn, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí màá fi jókòó sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà mo kàn kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ọ̀bọ ti rílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo kó wọn lọ wo lékeléke létí àbàtà. Wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn, méjì méjì, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Wọ́n ka ẹyẹ, wọ́n wo bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ nínú omi, wọ́n ń jiyàn bóyá ó ń jẹ kòkòrò ara màlúù tàbí màlúù fúnra rẹ̀. Èmi ò wo ẹyẹ. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Gbogbo ibi tí mo bá rí tí ó dà bíi pé wọ́n ti fi ọkọ́ tú, mo máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń jáde nílé.

Ẹranko amọ̀ ni gbogbo wọn àfi ẹyọ kan. Ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń sin ehoro lẹ́yìnkùlé wọn ní Amúwo gbé ehoro kan wá, funfun, etí rẹ̀ kan ní àmì dúdú. Ó dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìmí: ewé ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì ló ń jẹ, inú ihò ló ń sùn tó bá wà nínú igbó, kì í sì í dá gbé. Mo ní, "Ta ló máa wá bá a gbé níbí?" Ó ní, "Àwa." A fi àpótí pákó kan ṣe ilé fún un ní ìparí ọgbà náà, a fi àpò ìrẹsì bo ojú rẹ̀ kí oòrùn má baà pa á. Mo fún wọn ní ìwé kan tí wọn ó máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sí lójoojúmọ́, ọmọ kan lóòjọ́. Ó jẹun. Ó sùn. Ó yàgbẹ́. Mo máa ń gba ìwé náà tí ilé ìwé bá parí, màá fi bírò pupa sàmì sí i. Mi ò ṣí àpótí náà wò. Àwọn ló ni ehoro.

Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, mo rin ọ̀nà lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Òun ló gbé ọmọ mi lọ sí ọsibítù nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, tí ọkọ mi ò sí nílé. Ó jókòó sí báákónì, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn.

Ó ní, "Ìyàwó wa, jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ gbé e sí?"

Ó fi réésà sílẹ̀. Ó ní, "Wọn kì í béèrè. Ṣé ìyá ẹ ò sọ fún ẹ ni?"

"Mo mọ̀ pé wọn kì í béèrè, sà. Mo ń béèrè ni."

"Tó o bá mọ ibẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ ò ní kúrò níbẹ̀. Ọmọ mìíràn ò sì ní fẹ́ wá. Torí ẹ la ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ bá ọkọ ẹ, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀."

"Ọkọ mi mọ ibẹ̀?"

Ó tún mú réésà rẹ̀. Ó ní, "Ṣé kò bá wa lọ ni?"

Ìyàwó rẹ̀ di ọsàn mẹ́fà fún mi sínú láílọ́ọ̀nù. Mo gbé e dé ilé, mo bó o, mo jẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójú ọkọ mi láìfún un ní ẹyọ kan. Ó wò mí, ó padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀. Mo ronú pé, o mọ̀ ọ́n, o sì ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ ọsàn.

Ní ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn ikú ọmọ mi, ọ̀gá ilé ìwé ní kí a pe àwọn òbí wá wo ọgbà ẹranko wa lọ́jọ́ Friday. Lọ́sàn-án Thursday, nígbà tí àwọn tó kù ti lọ ilé, àwọn ọmọ márùn-ún dúró tì mí láti gbálẹ̀. Ó wá sí mi lọ́kàn pé àpótí ehoro á ti máa rùn, kò sì dáa kí àwọn òbí wá bá a bẹ́ẹ̀. Mo ká àpò ìrẹsì náà kúrò lójú rẹ̀. Kò rùn. Koríko gbígbẹ wà nínú rẹ̀, ó tẹ́ rẹ́rẹ́. Kò sí ehoro, kò sí ìgbẹ́ ehoro. Mo ṣí ìwé wọn. Wọ́n ti kọ ti ọjọ́ náà: Ó jẹun dáadáa. Ó sùn. Mo ti fi bírò pupa sàmì sí ti Wednesday àti ti Tuesday.

Mo yíjú sí wọn. Ìgbálẹ̀ ti dúró.

Mo ní, "Ehoro dà?"

Ọmọkùnrin kan ní, "Ó jáde lọ." Ìgbà kan náà ni èkejì ní, "Bàbá ẹ̀ ti wá mú un." Irọ́ méjèèjì pàdé lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ náà sì gbọ́ ọ.

Inú bí mi. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe bí mi tó, nítorí láti ọ̀sẹ̀ méje kò sí nǹkan kan tó bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀, kódà iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo tọ́ka sí igun pátákó. Mo ní, "Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn ìkejì. Ibo ló ń sùn?"

Ọmọbìnrin tó gbé ehoro wá bú sẹ́kún. Ó ní, "Ó ti kú, Àǹtí. Ó ti kú láti ọjọ́ Monday."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Ọmọbìnrin náà ní, "Mọ́mì mi ní a ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ikú níwájú yín."

Èkejì ní, "Mọ́mì tèmi náà." Ẹ̀kẹta mi orí. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo padà síṣẹ́, ìyá kọ̀ọ̀kan ti pe ọmọ tirẹ̀ jókòó nílé, ó ti kìlọ̀ fún un. Kí wọ́n má dárúkọ ọmọ mi. Kí wọ́n má sọ pé ẹnikẹ́ni kú, ìbáà ṣe adìyẹ. Wọ́n fi ìfẹ́ ṣe é. Nígbà tí ehoro wá kú láàárọ̀ Monday kí n tó dé, àwọn ọmọ náà ṣèpàdé tiwọn. Wọ́n pín iṣẹ́. Àwọn kan ni kí wọ́n máa mú ewé wá láàárọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀, àwọn kan ni kí wọ́n máa lọ dà á nù lẹ́yìn ilé ìwé lọ́sàn-án kó lè dà bíi pé ehoro jẹ ẹ́. Ọmọkùnrin kan jẹ́wọ́ pé òun lòun ń jẹ kárọ́ọ̀tì rẹ̀. Ọmọ méjìlélógójì ló mọ̀ ọ́n, àwọn tí kò lè pa ẹnu mọ́ lórí ẹni tó gba bírò ẹni tó jókòó tì í, wọ́n sì pa ẹnu mọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Mo ní, "Ibo lẹ gbé e sí?"

Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó kéré jù nínú wọn fi ẹnu sí etí ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń fi hàn wọ́n?"

Ọmọbìnrin náà nu imú rẹ̀ sí ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Ó rò ó dáadáa. Ó ní, "Àǹtí kọ́ ló bí i."

Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, àwọn tó kù tẹ̀ lé wa. Ẹ̀yìn ilé ìwé ni, lápá ibi tí ògiri ti ya, lábẹ́ igi fúrúùtù kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀. Wọ́n ti fi òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, wọ́n ri agolo wàrà kan mọ́lẹ̀ ní orí, wọ́n bu omi sínú rẹ̀. Ìdajì kárọ́ọ̀tì kan wà lórí iyanrìn, kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi, ọ̀kan ń já a gbà lẹ́nu èkejì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ kí n gba ẹranko wọn wọ ọgbà. Inú páálí ni wọ́n gbé e sí, wọ́n kọ́kọ́ da lẹ́búlẹ́bú igi sí i kó lè rọ̀. Orí ilẹ̀ tó ga ni wọ́n yàn kí omi òjò má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó jẹ kárọ́ọ̀tì ní, "A mọ ehoro kan tì í, Àǹtí, ti amọ̀. Torí kì í dá gbé."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ mi. Mi ò lè purọ́ nípa ohun tó wà nínú mi. Mo jowú ehoro. Obìnrin tó ti tó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tó ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́, jókòó sórí iyanrìn ní Festac, ó ń jowú ehoro. Àwọn ọmọ náà dúró yí mi ká, wọ́n ń retí bóyá mo gbà á. Mo ní ó dáa. Mo ní wọ́n ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní kí wọ́n lọ kó ìwé wọn, kí wọ́n máa lọ ilé.

Ọkọ mi ti dé nígbà tí mo délé, oòrùn ò tíì wọ̀. Ó dúró nídìí tábìlì tó fi ń lọ aṣọ, ó na ṣẹ́ẹ̀tì kan sórí rẹ̀. Mi ò bọ́ bàtà mi. Mo ní, "Ehoro àwọn ọmọ kíláàsì mi kú. Wọ́n mú mi lọ, wọ́n fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn mí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ bàbá ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ méje rèé, ẹ ò lè ya ẹnu yín kẹ́ ẹ sọ ibi tí tèmi wà."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, ó ká a, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé ó tún fẹ́ sọ pé ẹ̀gbọ́n ló ṣètò rẹ̀.

Ó ní, "Mi ò mọ ibẹ̀."

Mo ní, "Ẹ bá wọn lọ. Mo gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ wọ ọkọ̀."

"Wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ ní Mile 2. Ẹ̀gbọ́n ní bàbá ọmọ kì í dé ibẹ̀, pé mo lè sìn ín dé ojú títì, ó tó. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, lójú àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀. Wọ́n ní kí n dúró dè wọ́n. Mo dúró lábẹ́ afárá títí wọ́n fi padà wá gbé mi. Ó lé ní wákàtí méjì. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì bi mí ọkọ̀ ibo ni mò ń dúró dè."

Eruku Mile 2 ló wà lára bàtà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní, "Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Ó ń fi ọwọ́ na ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà, tó ti nà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé tó o bá rò pé ẹnì kan nínú àwa méjèèjì mọ ibẹ̀, o ò ní rò pé ó dá wà."

Mo jókòó. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi kórìíra rẹ̀ nítorí ohun tí kò ní lọ́wọ́, òun náà sì gbà kí n kórìíra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n apá mi ò gbé. Ohun tó kù lọ́kàn mi ni Mile 2, gbogbo ọ̀nà tó wà níbẹ̀. Mo ní, "Nígbà tí wọ́n sọ̀ yín kalẹ̀, ibo ni ọkọ̀ náà kọrí sí? Ṣé Badagry ni, àbí Àpápá, àbí Òṣòdì?"

Ó ní, "Wọ́n ní kí n kẹ̀yìn sí wọn. Mo kẹ̀yìn sí wọn."

Àwọn òbí wá wo ọgbà ẹranko wa lọ́jọ́ kejì, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ti pẹ́ gan-an báyìí. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ náà ti kú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbẹ̀yìn, kò sì sí èyí tó sọ fún wa nínú wọn. Mo lọ sí ìsìnkú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mọ ibi tí wọ́n sin ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí.